Díìsì Itẹ́ Òkú Ìgándò

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta síbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti pe ìrun Àílà ni nọ́ńbà yìí ti dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀. Ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún: kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, kò sì kú. Bó bá kú, màá mọ̀ pé ó kú, màá pa iná, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò kú. Ó kàn ń wò mí ni.

Èmi náà ń wò ó. Ká jọ máa wo ara wa.

Sọ́fítíwìà òfò. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára síídì rẹ̀ pé kò sí díìsì tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Irọ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò rí irú díìsì yìí rí — ogójì gígì péré, ti ayé ìgbà tí wáyà pẹlẹbẹ bí ọ̀já ṣì ń so díìsì mọ́ kọ̀ǹpútà. Láàárọ̀, bó bá ti fẹ́ kàwé, yóò dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni tó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn láti inú yàrá. Yóò dákẹ́. Yóò tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí, kò dún mọ́ rárá, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú jù. Mi ò fẹ́ ronú nípa ẹni tó ń ha ilẹ̀kùn tó wá dákẹ́. Díìsì ni. Irin ni. Mo ti tún irú ẹ̀ ṣe tó igba ní Ìkọ̀tún níbí, kí n tó mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀fọ̀.

Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ rí díìsì náà. Kò sí díìsì kankan níbí — bẹ́ẹ̀ ló kọ sójú. Díìsì wà níwájú rẹ̀, ó ń gbóná, ó ń gbọ̀n, ó ní kò sí. Mo pààrọ̀ wáyà. Ó ní kò sí. Mo yọ irin kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé díìsì wo ni ọ̀gá, èwo ni ẹrú, mo tì í sí ipò ọ̀gá. Ó wá rí i. Ó bá gbé ẹjọ́ mìíràn kalẹ̀: ọjọ́ kò tọ́. Bátìrì inú kọ̀ǹpútà ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbà gbọ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2002 la wà. Ọdún 2002! Mi ò tíì lọ́kọ. Mi ò tíì bí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì tíì kú fún mi. Mo ní láti máa fi ìka kan tẹ ọdún kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ ọdún tí mo bí ọmọbìnrin mi kọjá. Mo tẹ ọdún tó wọ ilé ìwé kọjá. Mo tẹ èṣí... Èṣí nìkan ni ìka mi dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò nítìjú.

"Aunty, ẹ̀rọ yín yìí ń ké bí adìyẹ tó fẹ́ yé o! Ẹ bá mi jù ú nù jàre, ó ń lé oníbàárà."

Gift nìyẹn láàárọ̀, ọmọbìnrin tó ń ta ike ẹ̀yìn fóònù ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi. Ó ń rẹ́rìn-ín ni, kò sì mọ nǹkan kan, mo sì kórìíra rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tó ń pariwo, tó ń jẹ bísíkíìtì, tó wà láàyè. Ogún ọdún. Ì bá ti pé ogún ọdún ní oṣù tó kọjá.

Aasiyah. Mo lè pè é nínú ara mi. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Àwọn ará àdúgbò ti yọ orúkọ yẹn kúrò lára mi. Odindi ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jẹ́ Ìyá Aasiyah. Ibà ọjọ́ mẹ́ta gbé e lọ ní ọjọ́ Alàmísì, nígbà tí yóò fi di àdúà ọjọ́ kẹjọ, oníbúrẹ́dì ti ń kí mi pé, "Ẹ kú ilé o, Ìyá Abdulsobur." Abdulsobur ni àbúrò rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi, mo rò pé ẹlòmíì ló ń kí. Ta ló pe ìpàdé lórí ẹ̀? Níbo ni wọ́n ti ṣe é? Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, aláta, oní-POS, àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsálátù, bí ẹni pé wọ́n fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ síra wọn. Àánú ni wọ́n pè é. Kí wọ́n má baà rán mi létí. Rán mi létí kí ni? Ṣé mo gbàgbé ni?

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyẹn náà. Èèyàn mélòó ló jókòó sí pálọ̀ mi, tó na ẹsẹ̀, tó mu omi tútù mi, tó sọ ọ́? Èmi ni agbè. Wọ́n ń yọ̀ fún mi pé mi ò fọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi agbè léèrè ọ̀rọ̀ kan.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Ìyá Abdulsobur náà ni Alhaji Ṣóbọ̀wálé ń pè mí, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ní Ìgándò. Òun ló gbé kọ̀ǹpútà yìí wá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun. "Ìyá Abdulsobur, ẹ bá wa wò ó. Gbogbo òkú wa ló wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ má pa ara yín ṣá, wọn ò ní sá lọ." Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò lè dárí jì í pé ó mú mi rẹ́rìn-ín.

Kò mọ̀ pé mo lẹ́nìkan nínú àwọn òkú rẹ̀. Mi ò sì sọ fún un.

Ìwé orúkọ ló wà nínú díìsì yìí. Ẹni tí wọ́n sin, ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ìlà tó wà, nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìlà. Wọn kì í gbé òkúta sórí sàréè níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ lásán ni, ọ̀wàrà òjò kan tó, ilẹ̀ ti pẹrẹsẹ. Ìwé gidi tí wọ́n ń fi bíírò kọ tẹ́lẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Èyí nìkan ló kù. Ní Sátidé, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sàréè tuntun lẹ́bàá ògiri, àwọn ibi tí òkú rẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní àwọn yóò tún ṣí. Bí kò bá wá sí ìwé, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ìlà ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yàtọ̀ sí ìlà èṣí? "Àwọn agbẹ́lẹ̀ lójú inú," Alhaji ló wí bẹ́ẹ̀. Ojú inú! Kí wọ́n máa fi ṣọ́bìrì wá ojú inú kiri lórí ọmọ mi.

Nítorí náà, bí díìsì yìí bá lọ, kò séwu fún Alhaji. Yóò ra òmíì. Èmi ni kò ní mọ ibi tí ọmọ mi wà títí tí wọn yóò fi gbé èmi náà lọ.

Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Mo gbọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí òbí bá mọ̀ ọ́n, yóò máa lọ jókòó tì í, kò ní lè tọ́ àwọn tó kù mọ́. Ó dára. Ta ni mò ń tọ́ láti èṣí? Abdulsobur ló ń se ẹ̀bà fún ara rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Raheem. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀wà ní Shasha, tó rò pé ẹnu àpò ni gbogbo nǹkan láyé yìí, kéèyàn ṣáà ti dì í kó má tú. Òun ló sin ín. Òun ló ṣáájú àwọn tó gbé e jáde. Mo ṣì ń rí i báyìí, ní ẹnu géètì ilé wa, ó wọ jálàbíà funfun, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbalaja, ó dí ọ̀nà — apá géètì méjèèjì, ọwọ́ méjèèjì — èmi sì wà lórí àtẹ̀gùn, mi ò lè kọjá. Ààfáà ti sọ ọ́ ní pálọ̀, gbogbo wa gbọ́: "Kò sóhun tó burú lẹ́sìn bí ìyá ẹ̀ bá bá wa lọ sí itẹ́, bó bá ṣáà lè mú sùúrù." Ààfáà fúnra rẹ̀! Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Raheem na ọwọ́. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi ń rí ọwọ́ méjì yẹn. Bí mo bá forí kanlẹ̀ ní sújúdù, mo rí i. Bí mo bá ń tú skúrúù, mo rí i.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo lọ bá a ní Shasha. Mo kúnlẹ̀ láàárín àpò ẹ̀wà. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ìlà wo ló wà?" Ó ń fi okùn di ẹnu àpò kan, kò gbójú sókè. "Ìyàwó, dìde. A kì í béèrè. Dìde ńlẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá." Ó di àpò náà tán, ó tún tú u, ó tún dì í.

Ọkọ mi ńkọ́? Gàníyù? Mo sọ fún un ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dé, mo ní ìwé itẹ́ òkú ló wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Súmbọ̀, jẹ́ kọ́mọ sùn." Ó yí ojú sí ògiri. Gbogbo wọn ló mọ ọmọ tó ń sùn. Gbogbo wọn ló ti gbọ́n.

Àná, nǹkan fẹ́ẹ́ bọ́ sí i. Sọ́fítíwìà yìí fa ojú ìwé mẹ́fà yọ kó tó tún dákú. Mẹ́fà, tó gún régé, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlà. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ kí ẹ̀rọ bá mi wá a. A-a-s-i-y-a-h. Kò sí. Mo ní bóyá Alhaji fi etí kọ ọ́: Asia. Kò sí. Hasiya. Kò sí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra mi láti òkè, ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí ojú mi ti ń rí tí mi ò rí. Kò sí òkú kankan níbẹ̀ tó ní orúkọ. Ìyàwó Ọlátúnbọ̀sún, Ẹgbẹ́dá. Ọmọ Alhaja Sìdíkátù. Bàbá Olúbọ̀dé kábíńtà. Ọmọ ìkókó, ti Lukman. Ẹni tó gbé òkú wá ni wọ́n kọ. Gbogbo ìwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo pe Alhaji lórí fóònù kí n tó tan ẹ̀rọ yìí láàárọ̀. Mo gbìyànjú kí ohùn mi má yí. Mo ní irú àkọsílẹ̀ wo lẹ ṣe yìí, Alhaji? Ó yà á lẹ́nu. "Ìyá Abdulsobur, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká kọ ọ́? Alààyè ló ń wá béèrè òkú. Òkú kì í wá béèrè ara ẹ̀, àbí?" Ó tún rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ó túmọ̀ sí pé kò sí Aasiyah nínú ìwé yìí, kò sì sí níbẹ̀ rí. Àní bí díìsì bá jí dìde báyìí, tó pọ gbogbo ohun tó gbé mì, mi ò ní rí i, àfi bí mo bá wá Raheem. Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mo tẹ ẹ́ wò lórí ojú ìwé mẹ́fà yẹn. R. A. Mo pa á rẹ́. Mo rò ó pé, kí ni màá fi ṣe é? Ojú ìwé mẹ́fà yẹn, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀ ló parí sí. Ìdí tí mo fi pa á rẹ́ nìyẹn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Èyí tó kù wà ní òdì kejì mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò bi mí: ṣé o kọ́kọ́ da díìsì náà kọ sórí òmíì? Òfin àkọ́kọ́. Mo ti fi kọ́ èèyàn títí ó fi sú mi: díìsì tó ń kú, ẹ má tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ da ohun inú rẹ̀ kọ, orí àdàkọ lẹ ti máa ṣe àtúnṣe, torí pé ẹ̀rọ àtúnṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Mi ò dà á kọ. Mo ki síídì bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kó máa lọ. Mi ò ní díìsì mìíràn tó jẹ́ irú ẹ̀, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ayé ìgbà wo ni wọ́n ti ń ta irú ẹ̀, níbo ni mo ti fẹ́ rí i...

Mẹ́ta wà lábẹ́ tábìlì. Mẹ́ta, nínú páálí Indomie. Ẹsẹ̀ mi ń kan páálí náà bí mo ṣe jókòó yìí.

Kí ló dé tí mi ò dà á kọ?

Ó rẹ̀ mí ni. Mo kánjú ni. Rárá, mi ò kánjú. Ẹni tó kánjú kò ní jókòó láti Àílà títí di báyìí, tí òòrùn ti kúrò lójú pákó ìta, kó máa wo nọ́ńbà kan. Ó yẹ kí n ti ṣe nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti pa á, kí n tún un tàn. Ó yẹ kí n ti fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù ó kéré tán. Mò ń sọ pé bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó lè bàjẹ́. Ta ló sọ ọ́ fún mi? Èmi ni.

Ẹ̀rọ burúkú. Ẹ̀rọ aláìlójútì. Gbogbo yín, bákan náà lẹ rí, ẹ jókòó síwájú èèyàn, ẹ di ẹnu pọ̀, ẹ ní ká má béèrè —

Dúró ná.

Mọ́nítọ̀ yìí. Èyí tó ní ikùn lẹ́yìn. Òun nìkan ni okùn rẹ̀ wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà Alhaji, ni mo fi gbé e sílẹ̀ láti orí pẹpẹ. Mọ́nítọ̀ yìí a máa jẹ ìlà ìsàlẹ̀. Ohun tó bá wà ní ìlà tó kẹ́yìn, kì í hàn, àfi kéèyàn tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó fa àwòrán sókè. Mo mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ní in. Mo ti bá oníbàárà jà lórí ẹ̀ rí, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà òun ti di, kò ṣiṣẹ́ mọ́, mo ní kò di, ìlà ìsàlẹ̀ ni ẹ ò rí. Mo mọ̀ ọ́n láàárọ̀. Mo mọ̀ ọ́n ní Àílà.

Mo na ọwọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Àwòrán ń gòkè, díẹ̀, díẹ̀.

Ìlà kan wà níbẹ̀. Ó ní òun kò lè ka ibi tí òun dé yìí. Ṣé kí òun fò ó, kí òun máa lọ? Y bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, N bó bá jẹ́ rárá. Ìlà kékeré kan ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, níwájú ibi tí ó yẹ kí ìdáhùn wà.

Kò di. Láti Àílà, kò di. Ó bi mí léèrè, ó sì ń dúró dè mí.

Ó ń dúró... bí ẹni tó...

Géètì ilé wa. Géètì ilé wa a máa pa dé fúnra rẹ̀. Irin rẹ̀ ti tẹ̀ láti ọdún tí ọkọ̀ onísìmẹ́ǹtì ti kọlù ú, bí èèyàn bá ṣí i, apá méjèèjì yóò máa yí bọ̀ wá pàdé ara wọn. Èmi fúnra mi, bí mo bá fẹ́ kó ẹrù wọlé, mo gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan di apá kan mú, kí n fi ọwọ́ kejì di ìkejì. Kéèyàn na ọwọ́ méjèèjì gbalaja. Kò sí bí èèyàn mẹ́rin tó gbé àga òkú ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá bí ẹnìkan kò bá na ọwọ́ dì í mú fún wọn.

Ó dì í mú ni.

Wọ́n sì ti kọjá. Wọ́n ti gbé e kọjá, wọ́n ti ń gbé e wọ ọkọ̀, ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Raheem ṣì nà síbẹ̀, apá géètì ń tì í, ó ń tì í padà, jálàbíà rẹ̀ ti kan ìpẹtà irin. Ó ń wo òkè, ibi tí mo wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ń sunkún. Mi ò fẹ́ kó máa sunkún nínú ohun tí mò ń rí yìí, ṣùgbọ́n ó ń sunkún. Ó ní, "Ìyàwó, Ààfáà ti sọ̀rọ̀. Ṣé wàá bá wa lọ?"

Ó dúró. Ọkọ̀ ti ń dún. Gàníyù ti jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀, ó fi ọwọ́ bo orí. Ẹnìkan ní kí wọ́n ṣe kíá, nítorí òòrùn. Bọ̀ọ̀dá Raheem ní, "Ẹ dúró ná." Ó tún wò mí.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Sálúbàtà mi kò bá ara wọn mu, ọ̀kan jẹ́ tèmi, ọ̀kan jẹ́ ti Aasiyah. Mò ń wo sálúbàtà. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti gbé orí sókè, màá dáhùn. Mo sì ń retí pé kí géètì ṣáà ti pa dé fúnra rẹ̀, kí n lè sọ pé wọ́n tì í mọ́ mi.

Ìlà kékeré yẹn ń tàn. Ó ń kú. Ó ń tàn.

Kò sẹ́ni tó dí mi lọ́nà. Wọ́n bi mí. Èmi ni mi ò dáhùn.